Ọ̀mọ̀ràn Ní Í Mọ Oyún Inú Ìgbín: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìràwọ̀ Onírù

Ní òpin ọdún 1973, nígbà tí ìràwọ̀ onírù kan tí wọ́n ń pè ní Kohoutek ń bọ̀ lọ́dọ̀ òòrùn, àwọn ìwé ìròyìn ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti ti Yúróòpù ti kéde rẹ̀ fún tolórí tẹlẹ́mù pé irú rẹ̀ kò ní í tún sí mọ́ ní ọgọ́rùn-ún ọdún yẹn. Àwọn kan ra awò ìwọ̀nà jíjìn, àwọn mìíràn tilẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí agbami òkun kí wọ́n lè rí i níbi tí iná ìlú kò ti ní í dí wọn lójú. Ṣùgbọ́n nígbà tí àlejò náà dé, tí ojú lásán fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí i, ni ìyìn bá di èébú, tí orúkọ rẹ̀ sì di ohun tí aráyé fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ẹni tí ó ṣèlérí tí kò mú un ṣẹ.

Ìdájọ́ yẹn kò tọ́, mo sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀. Ní àkókò kan náà tí àwọn ènìyàn ń pòṣé sí Kohoutek, kámẹ́rà kan tí ọmọ adúláwọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà kan, Ọ̀mọ̀wé George Carruthers, ṣe, wà lọ́wọ́ àwọn arìnrìn-àjò òfuurufú tí wọ́n ń gbé inú ibùdó òfuurufú Skylab, ó sì ya àwòrán ìkùukùu gáàsì háídírójìn tí ó yí ìràwọ̀ náà ká, ìkùukùu tí ó tóbi ju òòrùn fúnra rẹ̀ lọ. Kò sí ojú ènìyàn kan lórí ilẹ̀ ayé tí ó rí i, kò sì sí èyí tí yóò rí i láé, nítorí pé ìtànṣán ultraviolet ni ó fi ń tàn, èyí tí ojú wa kò lágbára láti gbà, tí afẹ́fẹ́ ayé wa sì ń gbé mì kí ó tó kanlẹ̀. Èrò tèmi ni pé ohun tí ó tóbi jù lọ lára ìràwọ̀ onírù ni èyí tí ojú kò rí, pé ìṣirò ni ó ń jẹ́ kí a mọ̀ ọ́n, àti pé a kò tíì fún àwọn tí ń ṣe ìṣirò náà ní ìdá mẹ́wàá iyì tí ó tọ́ sí wọn. Àgùàlà ń bá òṣùpá rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìṣirò ń bá awò ìwọ̀nà jíjìn rìn, tí aráyé sì rò pé ẹrú rẹ̀ ni.

Ìràwọ̀ onírù, àlejò òde ọ̀run, a-bìrù-gbọọrọ-wọ̀lú, kì í ṣe ìràwọ̀ rárá. Fred Whipple ni ó là á yé àwọn onímọ̀ ní ọdún 1950 pé òkìtì omi dídì tí ó lú mọ́ ekuru ni, tí kò sì tóbi tó bí a ti rò: ti Halley, tí ó wá ní ọdún 1986, kò gùn ju nǹkan bí kìlómítà 15 lọ. Bí irú òkìtì bẹ́ẹ̀ bá sún mọ́ òòrùn, omi dídì inú rẹ̀ kì í yọ́ di omi ṣíṣàn. Gáàsì ni ó ń dà lójú ẹsẹ̀, tí ó sì ń tú jáde ní nǹkan bí kìlómítà kan ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá jẹ́ pé ibi tí ayé wa jìnnà sí òòrùn dé ni òun náà wà, ẹ̀mí ẹyọ omi kan kò ju nǹkan bí ọjọ́ kan lọ kí ìtànṣán òòrùn tó já a sí méjì: átọ́ọ̀mù háídírójìn kan bọ́ sí apá kan, ọ́síjìn àti háídírójìn kejì tí wọ́n ṣì so mọ́ra bọ́ sí apá kejì. Èyí tí ó kọ́kọ́ já yóò fò lọ ní nǹkan bí kìlómítà 20 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nígbà tí ó bá sì yá, àwọn méjì tí ó kù náà yóò tú ká, háídírójìn kejì yóò sì jáde pẹ̀lú ìyára bíi kìlómítà 8. Omi fúnra rẹ̀ ṣòro í rí láti ilẹ̀ ayé, nítorí omi tí ó wà nínú afẹ́fẹ́ tiwa ti dí ojú ọ̀nà. Bí a kò bá rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ: háídírójìn ni a fi ń ka omi, bí ẹni fi iye ọmọ mọ iye ìyá.

Ní ọdún 1968, nígbà tí kò tíì sí ẹni tí ó rí ohunkóhun, Ludwig Biermann, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, jókòó ti ìwé àti kálàmù, ó ro iye omi tí ó ṣeé ṣe kí ó máa jáde lára ìràwọ̀ onírù ńlá, ó ro bí ìtànṣán òòrùn yóò ti já a, ó ro bí háídírójìn yóò ti rìn jìnnà tó kí ó tó ṣègbé, ó sì sọ pé ìkùukùu kan ní láti wà tí ìbú rẹ̀ yóò máa lọ sí mílíọ̀nù kìlómítà lọ́nà mẹ́wàá. Ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò ní í rí i. Ní oṣù kìíní ọdún 1970 ni sátẹ́láìtì OAO-2 kọjú sí ìràwọ̀ onírù Tago-Sato-Kosaka, tí ó sì rí ìkùukùu náà bí Biermann ti wí. Kí ọdún ọ̀hún tó dé ìdajì, OAO-2 yìí kan náà àti sátẹ́láìtì OGO-5, èyí tí àwọn ọmọ ilẹ̀ Faransé bíi Jean-Loup Bertaux àti Jacques Blamont ń fi ohun èlò wọn wòran, ti rí irú rẹ̀ yí ìràwọ̀ Bennett ká. Mo bẹ ẹ̀yin òǹkàwé mi pé kí ẹ má ṣe yára fò ó, nítorí ohun àgbàyanu ni: wọ́n ti wọn aṣọ náà kí wọ́n tó rí ẹni tí ó wọ̀ ọ́.

Ìmọ́lẹ̀ tí mo ń sọ yìí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní Lyman-alpha, ní orúkọ Theodore Lyman tí ó ṣàwárí rẹ̀ ní ọdún 1906. Gígùn ìgbì rẹ̀ jẹ́ nánómítà 121.6. Háídírójìn inú ìkùukùu náà kò ní iná tirẹ̀. Ti òòrùn ni ó ń gbà tí ó sì ń tú ká: ẹyọ ìmọ́lẹ̀ kan wọlé, átọ́ọ̀mù gbà á mọ́ra, kí a tó ṣẹ́jú ó ti tu ú síta sí ìhà mìíràn. Níbi tí ayé wa jìnnà sí òòrùn dé, átọ́ọ̀mù kan ń ṣe èyí ní nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ìmọ́lẹ̀ bá sì wọlé ni ó ń ti átọ́ọ̀mù náà díẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ òòrùn. Ìtì kan kò ju kí ó fi mítà mẹ́ta àti díẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan kún ìrìn rẹ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà, nígbà tí ó bá sì ti gba ẹgbẹ̀rún kan irú ìtì bẹ́ẹ̀, kìlómítà mẹ́ta ó lé ni ó ti fi kún ìyára rẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ìkùukùu náà kì í fi í rí roboto, tí ó ń gùn sẹ́yìn kúrò lọ́dọ̀ òòrùn, títí di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, nígbà tí ìjì tí ń fẹ́ láti ara òòrùn yóò gba ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù inú átọ́ọ̀mù náà kúrò lára rẹ̀, tí kò sì ní í lè dá Lyman-alpha lóhùn mọ́.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe àwòṣe nǹkan yìí, èyíinì ni pé kí ó fi ìṣirò dá irú ìkùukùu náà sílẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà kí ó lè fi wé èyí tí ó wà lókè, kò lè fi ọ̀kan nínú gbogbo èyí sílẹ̀. Ó tún ní láti rántí pé òòrùn kò pín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ní dọ́gbadọ́gba: àárín Lyman-alpha tí ń ti ibẹ̀ wá rẹlẹ̀ díẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì sì ga, tí ó fi jẹ́ pé bí ìràwọ̀ onírù bá ti ń sáré tó, bóyá ó ń bọ̀ tàbí ó ń lọ, ni iye ìmọ́lẹ̀ tí yóò bọ́ sí i lọ́wọ́ ṣe máa pọ̀ tàbí kéré. Pol Swings, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, ti kíyè sí irú èyí lára àwọn gáàsì mìíràn láti ọdún 1941.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dìjú jù ni àárín gbùngbùn ìkùukùu náà, níbi tí háídírójìn ti ki. Ẹni tí ó bá ti wa ọkọ̀ ní òwúrọ̀ tí kùrukùru bo ọ̀nà yóò mọ̀ pé iná ọkọ̀ tí ń bọ̀ lókèèrè kì í hàn bí ẹyinjú méjì mọ́, gbogbo kùrukùru náà ni í funfun gbòò, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ ọ̀hún ti ta lu ẹ̀kán omi kan, ó ti ta lu òmíràn, ó ti yà sí ọ̀tún, ó ti padà sí òsì, kí ó tó wá kan ojú awakọ̀. Kò sì sí ọgbọ́n tí ènìyàn fi lè wo funfun yẹn nìkan kí ó mọ iye ẹ̀kán omi tí ó wà láàárín òun àti ọkọ̀ kejì. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí lọ́hùn-ún. Ní etí ìkùukùu, níbi tí ó ti fẹ́lẹ́, ẹyọ ìmọ́lẹ̀ kan ń bá átọ́ọ̀mù kan pàdé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí ó tó máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa, a sì lè fi bí ó ti mọ́lẹ̀ tó ka iye átọ́ọ̀mù láìfi ìyà jẹ ara wa. Nínú lọ́hùn-ún, àwọn átọ́ọ̀mù tí ó kọjú sí òòrùn ti gba ìmọ́lẹ̀ jẹ kí ó tó kan àwọn tí ó wà lẹ́yìn, ìwọ̀nba tí ó wọlé sì ń ta lu ọ̀kan sí èkejì, tí ó ń yí ìhà rẹ̀ padà, tí ó sì ń yí àwọ̀ rẹ̀ díẹ̀ padà pẹ̀lú, kí ó tó rí ọ̀nà bọ́ síta. Ẹni tí ó bá kà á bí ẹni pé ẹ̀ẹ̀kan ni ó ta, yóò ka omi ìràwọ̀ náà kéré sí iye tí ó jẹ́, kò sì sí ẹni tí yóò sọ fún un pé ó ti ṣìnà, nítorí àwòrán tí ó mú lọ́wọ́ dára, ó sì mọ́ kedere.

Ọ̀nà tí a ń gbà yanjú rẹ̀ wá láti ọwọ́ Stanislaw Ulam àti John von Neumann, tí wọ́n gbé e kalẹ̀ ní Los Alamos lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, tí a sì fi orúkọ Monte Carlo, ìlú àwọn olówó tí ń ta tẹ́tẹ́, pè é. Kọ̀ǹpútà yóò mú ẹyọ ìmọ́lẹ̀ kan láti ọ̀dọ̀ òòrùn, yóò ṣẹ́ kèké láti mọ ibi tí yóò rìn dé kí ó tó kan átọ́ọ̀mù, yóò ṣẹ́ òmíràn fún ìyára átọ́ọ̀mù náà, yóò ṣẹ́ òmíràn fún ìhà tí ìmọ́lẹ̀ yóò kọrí sí, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa tẹ̀ lé e láti ọwọ́ átọ́ọ̀mù dé ọwọ́ átọ́ọ̀mù títí yóò fi bọ́ jáde kúrò nínú ìkùukùu. Lẹ́yìn èyí, yóò padà sí ìbẹ̀rẹ̀, yóò mú òmíràn, yóò sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní àìmọye ìgbà. Kèké tí à ń wí yìí kì í ṣe ti aláìmọ̀kan: òfin ẹ̀dá ni ó wọn gbogbo rẹ̀. Nígbà tí ó bá parí, a ó gbé àwòrán tí kọ̀ǹpútà yà sí ẹ̀gbẹ́ èyí tí kámẹ́rà yà, bí wọn kò bá sì bára dọ́gba, a ó yí iye omi padà, a ó sì tún iṣẹ́ náà ṣe láti ìpìlẹ̀. Ọ̀mọ̀ràn ní í mọ oyún inú ìgbín; àwọn wọ̀nyí, a-jókòó-lé-àga-wo-ọ̀run, a-ka-omi-tí-kò-tutù-lọ́wọ́, ni ọ̀mọ̀ràn tí òwe náà ń bá wí ní ayé òde òní.

Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1997, nígbà tí ìràwọ̀ onírù Hale-Bopp wá. Sátẹ́láìtì SOHO, tí wọ́n gbé sókè ní oṣù kejìlá ọdún 1995, wà ní ibi tí ó jìnnà sí ayé tó mílíọ̀nù kìlómítà kan àti ààbọ̀, ó sì gbé ohun èlò kan dání tí ń jẹ́ SWAN, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ ilẹ̀ Faransé àti ti Fínlándì, tí ń wo gbogbo ojú ọ̀run pẹ̀lú Lyman-alpha. SWAN rí ìkùukùu háídírójìn tí ìbú rẹ̀ tó 100 mílíọ̀nù kìlómítà. Èyí tí ó ya àwọn onímọ̀ lẹ́nu jù ni pé wọ́n rí òjìji: àárín ìkùukùu Hale-Bopp ki tó bẹ́ẹ̀ tí ó gba ìmọ́lẹ̀ òòrùn mọ́ háídírójìn tí ó fọ́n káàkiri òfuurufú lẹ́yìn rẹ̀ lọ́wọ́, tí òkùnkùn gbọọrọ kan sì nà sí ibi tí ó yẹ kí ó máa tàn. Ẹni tí ó bá ti ń ṣiyèméjì pé bóyá kíki àárín náà jẹ́ àròsọ àwọn oníṣirò, òjìji náà ti dá a lóhùn.

Nígbà náà ni a gbọ́ pé omi tí ń jáde lára Hale-Bopp, nígbà tí ó súnmọ́ òòrùn jù, tó nǹkan bí 300 tọ́ọ̀nù ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Ìròyìn náà gba ayé kan, bẹ́ẹ̀ ni ó sì yẹ. Ṣùgbọ́n mo ní ẹjọ́ kan láti bá àwa oníwèé ìròyìn rò. A máa ń tẹ irú iye bẹ́ẹ̀ jáde bí ẹni pé ẹnì kan gbé garawa síbẹ̀ tí ó sì wọ̀n ọ́n. Kò sí ẹni tí ó wọ̀n ọ́n. Ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n rí. Láti ara ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n ti ṣírò háídírójìn, láti ara háídírójìn ni wọ́n ti ṣírò omi, àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí sì ní ibi tí ẹsẹ̀ ti lè yọ̀. Bí a bá pa àtẹ̀gùn náà mọ́, a ti fi ohun tí ó dára jù lọ nínú ìròyìn náà du òǹkàwé, a sì ti kọ́ ọ pé kí ó máa gba iye gbọ́ láìbéèrè orísun rẹ̀. Ẹni tí a bá sì ti kọ́ bẹ́ẹ̀ nípa ìràwọ̀, ó ṣòro kí ó tó béèrè nípa ìṣúná owó ìjọba tàbí nípa iye àwọn aláìsàn.

Àwọn kan yóò wí pé bí ó bá jẹ́ ìṣirò ni, àbá lásán ni, ẹni tí ó bá wù lè yí i bí ó ti fẹ́. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí wọ́n kàwé, kò sì dùn mọ́ mi. Àbá a máa di òótọ́ nígbà tí ẹlẹ́rìí méjì tí wọn kò mọra wọn bá sọ ọ̀rọ̀ kan náà. Awò rédíò ńlá tí ó wà ní Nançay ní ilẹ̀ Faransé ń gbọ́ ohùn ọ́síjìn àti háídírójìn tí wọ́n ṣì so mọ́ra, èyí tí ó kù lára omi lẹ́yìn tí háídírójìn àkọ́kọ́ ti fò lọ; ọ̀nà rẹ̀ yàtọ̀, ìgbì rẹ̀ yàtọ̀, àwọn tí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ yàtọ̀. A lè gbé iye omi tí ó ti ibẹ̀ wá sí ẹ̀gbẹ́ èyí tí ó ti ara Lyman-alpha wá, kí a wò ó bóyá wọ́n bára mu. Níbi tí wọn kò bá bára mu, níbẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ wà. Àwòṣe àtijọ́ gbà pé háídírójìn ń fò jáde láìsí ìdènà, ṣùgbọ́n Michael Combi àti William Smyth fi hàn ní ọdún 1988 pé lára àwọn ìràwọ̀ tí gáàsì wọn pọ̀, háídírójìn a máa kọlu omi tí ó yí i ká kí ó tó bọ́, kọlùkọ̀gbà náà a sì máa dẹ ìrìn rẹ̀. Bí a kò bá kà á kún un, ìrísí ìkùukùu yóò yàtọ̀ sí èyí tí a rí lójú ọ̀run. Ohun tí ẹnikẹ́ni lè yí bí ó ti wù ú kì í tún ara rẹ̀ ṣe báyìí.

Iṣẹ́ tí mo ń wí yìí kò béèrè rọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ẹni tí yóò ṣe é. Ọdún méjì péré ni wọ́n kọ́kọ́ pèsè SOHO fún, ṣùgbọ́n ó ti ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún. Àwòrán SWAN wà ní gbangba lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹni tí ó bá fẹ́. Ní ọdún 2020, ọmọ ilẹ̀ Ọsirélíà kan, Michael Mattiazzo, tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé ìwòràwọ̀ kankan, wo irú àwòrán bẹ́ẹ̀, ó sì rí ìràwọ̀ onírù tuntun kan nínú rẹ̀. Ohun tí ó kù ni ìmọ̀ ìṣirò, kọ̀ǹpútà tí kò tóbi jù, iná mànàmáná tí kì í kú lójijì láàárín iṣẹ́, àti sùúrù. Ní Ilé-Ifẹ̀, nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ òfuurufú kan wà tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1998 fún àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tí ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì. A kò lè wí pé a kò ní ojúbọ. Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá ẹ̀ka físíìsì ní àwọn yunifásítì wa ni pé kí wọ́n gba àwọn ọmọ ọdún ìkẹyìn láyè láti fi ìtúká Lyman-alpha ṣe iṣẹ́ àṣekágbá wọn: kí ọmọ kan mú àwòrán ìràwọ̀ onírù kan, kí ó kọ àwòṣe tirẹ̀ láti ìpìlẹ̀, kí ó wò ó bóyá iye omi tí òun rí bá ti àwọn àgbà mu.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, wọ́n gbé ọkọ̀ òfuurufú tuntun kan sókè tí a fi orúkọ Carruthers sọ, láti máa wo háídírójìn tí ó yí ayé tiwa gan-an ká, èyí tí Carruthers fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ jẹ́ kí a rí àwòrán rẹ̀ láti orí òṣùpá ní oṣù kẹrin ọdún 1972, nígbà tí àwọn arìnrìn-àjò Apollo 16 gbé kámẹ́rà rẹ̀ kalẹ̀ síbẹ̀, níbi tí ó ṣì wà di òní. Ìmọ́lẹ̀ kan náà ni, ìtúká kan náà ni, ẹni tí ó bá sì ti kọ́ àwòṣe ti ìràwọ̀ onírù kò ní í ṣe àjèjì sí ti ayé.